Okùn Kẹta

Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ọyẹ́ bo òkè Màpó,
tí ètè gbogbo wa ń là bí ògiri àtijọ́.
Mo tẹ okùn kẹta ní irin karùn-ún,
ohùn tí mo mọ̀ kò dá mi lóhùn.
Nǹkan kan ń kùn lẹ́yìn rẹ̀,
ṣììì,
bí eṣinṣin tó há sínú agolo mílíìkì,
bí ẹni tó ń ṣépè lábẹ́ ahọ́n.

Mo kọ́kọ́ dá ańpú lẹ́bi.
Mo yọ wáyà, mo nu ẹnu rẹ̀, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i,
mo tún un kì bọ̀ ọ́.
Ṣììì.
Mo dá iná lẹ́bi. Ta ni kì í dá iná lẹ́bi ní ìlú yìí?
Mo ní jẹnẹrétọ̀ ilé Kújọrẹ́ ló ń wọnú wáyà wá.
Mo wá pa gbogbo rẹ̀,
mo gbé béèsì náà mọ́ àyà,
mo fa okùn lásán, láìsí iná, mo tẹ́tí.
Eṣinṣin náà wà níbẹ̀.
Inú igi ló ń gbé.

Mo ra okùn tuntun l'Ógùnpa,
owó bàtà Ìfẹ́tayọ̀ ni mo fi rà á.
Ọmọ náà wò mí, kò sọ̀rọ̀,
ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.
Okùn tuntun ń dán bí abẹ́rẹ́ tí a kò tíì fi ránṣọ.
Ó ń dán, ó sì ń kùn.

Ni mo bá gbé e kọ́ èjìká, ó di Òkè-Àdó lọ́dọ̀ Ládòkun
tó ń tún rédíò ṣe, tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe,
tí etí rẹ̀ ọ̀tún ti kú, tí ti òsì ń tẹ̀ lé e.
Kò fa okùn kankan.
Ó gbé ọrùn gìtá sójú bí ọdẹ tó ń wo ẹnu ìbọn,
ó di ojú kan.
"Ìyá Ìfẹ́, ọrùn yìí ti tẹ̀ sẹ́yìn.
Ọyẹ́ ló mu omi inú igi.
Wo gìgísẹ̀ tìrẹ náà, ṣé kò là ni?"
Ó tẹ okùn níbẹ̀rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lópin,
ó ní kí n wo àárín.
Bébà kò lè gba ibẹ̀ kọjá.
"Okùn tó bá máa sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ríbi mì sí.
O há a mọ́ igi, o ní kó má kùn."

Ó wá kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà nínú agolo Bọ́ńfítà,
ó yí i sósì, díẹ̀,
bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ tó ń sùn.
Ó dúró. Ó mu omi.
Ó bi mí bóyá ilé bàbá mi l'Ọ́jà'ba ṣì ń jò.
Ó tún yí i, díẹ̀.
"Igi ń gbọ́ràn, àmọ́ kì í gbọ́ lójú ẹsẹ̀."

Mo tẹ irin karùn-ún.
Gbììììn.
Ohùn náà gba ẹsẹ̀ àpótí gòkè wá bá mi nídìí.
Ládòkun kò gbọ́.
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé igi náà, ó rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé, níbi ìdánrawò ní Mọlété, mo tẹ ẹ́.
Ṣììì.
Gbogbo akọrin yíjú sí mi.
Mo ti fẹ́ bú Ládòkun tán nínú ọkàn mi
nígbà tí Màmá Fọlọ́runṣọ́ dìde nílé orin,
ó ká ìwé ìsìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá sí mẹ́rin,
ó kì í bọ ẹ̀gbẹ́ gíláàsì fèrèsé tó ti yẹ̀,
ó padà lọ jókòó.
Ìdákẹ́jẹ́.
Ilé méjì ni eṣinṣin kan ní.

Mo dé ilé, mo ń pa okùn mọ́ sínú àpò
nígbà tí Ìfẹ́tayọ̀ ń bọ̀ lọ́nà,
àtẹ́lẹ̀ bàtà rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún ilẹ̀,
pàlà, pàlà, pàlà.
Èyí, n kò ní gbé e lọ fún ẹnikẹ́ni.
Mo mọ ibi tó ti ń dún.